Àṣẹ Tí Wọ́n Fi Ẹnu Gbà

Ìdájí. Ọyẹ́ ṣì bo ojú irin, irin méjèèjì ń lọ síbi tí ojú kò tó. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sáré. Kò sì rìn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rìn. Ìbàdí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, apá rẹ̀ ká níbi ìgúnpá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń nà gbọọrọ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò mì. Bí ẹni pé omi ló ń gbé orí náà lọ, tí ara yòókù kàn ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀.

Bàrákàt ni. Ọmọ Jímọ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lọ́nà Ọwọ́dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ìwé girama.

Gbogbo Ọ̀fà ti rí i. Àwọn ọmọdé a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn a máa ju ìdí kiri.

"Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ sódò! Pẹ́pẹ́yẹ!"

Ọlọ́kadà kan a rọra wakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ gùn ún jàre. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi tí mò ń wò yín gan-an, ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ."

"Níbo nìyẹn?"

"Ìdí òpó yẹn ni. Tí mo bá débẹ̀, màá yí padà."

Ọlọ́kadà náà a mi orí, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ló ń fi irú ìkánjú yìí rìn, kó tún padà síbi tó ti kúrò?

Ìrìn ìje ni. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Orúnkún ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ká, títí ara yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Àwọn adájọ́ a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a máa wo ẹsẹ̀. Wọn kì í lo ẹ̀rọ kankan. Ojú lásán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá kúrò nílẹ̀, tàbí tí orúnkún rẹ̀ bá ká, tí ojú adájọ́ rí i, káàdì pupa. Tó bá pé mẹ́ta, kó máa lọ sílé. Bí ojú kò bá rí i, kò ṣẹlẹ̀.

Àṣàbí, ìyá bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹyin ni Àṣàbí ń tà. Yóò rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìẹ l'Ọ́fà, yóò gbé e lọ sí Ojoku lọ́jọ́ ọjà. Bí mọ́tò bá ti kún, ẹsẹ̀ ni. Ìyá àgbà á ru kiréètì mẹ́rin, ọmọ á ru ọ̀kan. Ọ̀nà oko. Ewé àgbàdo lọ́tùn-ún, ewé ẹ̀gẹ́ lósì, eruku tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun.

"Ẹni tó ru ẹyin kì í sáré, Bàrá."

"Ìyá àgbà, oòrùn ti ń mú."

"Oòrùn náà kì í dúró de ẹlẹ́yin. Yára. Ṣùgbọ́n má sáré."

Yára, má sáré. Ọmọ ọdún méje gbọ́ ọ, ó sì rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rìn nìyẹn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, tísà eré ìdárayá, rí i tó ń gbé bàsíà omi kọjá lórí pápá ilé ìwé. Omi náà kún dé etí. Ọmọ náà ń lọ bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń tì í. Ìkán omi kan kò dà. Adétóyè fọn fèrè.

"Ìwọ! Padà lọ síbi tí o ti ń bọ̀. Tún ìyẹn rìn."

Bàrákàt rò pé òun ti ṣẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tomi-tomi.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di mẹ́ta. Bàrákàt, Fatimah tí kì í sọ̀rọ̀, àti Tóyọ̀sí ọmọ olùkọ́ kan tí kì í dákẹ́. Nínú ìdíje àwọn ilé ìwé, ẹni mẹ́ta ló ń di ikọ̀ kan. Ipò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń rò pọ̀. Bí ẹnì kan bá dín, kò sí ikọ̀. Ilé ìwé wọn kò tíì ní ikọ̀ ìrìn ìje rí. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìró kan. Pá, pá, pá. Tóyọ̀sí a máa fi ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké sí igbó: "Ikọ̀ tó gba ipò kìíní, láti Ọ̀fà!" Fatimah a rẹ́rìn-ín sínú híjáàbù rẹ̀. Bàrákàt a máa gbọ́ ohùn náà títí yóò fi sùn, yóò tún bá a lójú àlá.

Ọdún yìí ni ìgbẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, kálukú yóò lọ. Fatimah ní òun ń lọ sí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Tóyọ̀sí ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò jìnnà.

Nígbà náà ni kóòṣì kan tẹ Adétóyè láago láti Ìlọrin. Ìdíje àwọn àgbà kan ń bọ̀ n'Íbàdàn, àwọn obìnrin tó ti rìn dé òkè òkun ni yóò pé síbẹ̀. Àyè kan ṣẹ́ kù. Ó ti rí fídíò Bàrákàt. Ṣé ọmọ náà lè wá?

Ìwé òfin ìdíje àwọn ilé ìwé wà nínú àpótí tábìlì Adétóyè. Ẹ̀ka kẹsàn-án: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bá àwọn àgbà díje níta gbọ́dọ̀ gba àṣẹ pírínsípà rẹ̀ ní kíkọ kó tó lọ. Ẹni tó bá lọ láìgbà á, kò ní kópa fún ilé ìwé rẹ̀ lọ́dún náà. Òfin tó nídìí ni. Àwọn kan ti lo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹṣin rí, láti ìdíje dé ìdíje, títí orúnkún ọmọ fi bàjẹ́.

"Bàrákàt," ni Adétóyè wí, "sọ fún Baba kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Pírínsípà o. Kó tó di Ọjọ́bọ̀. Má gbàgbé."

Kò gbàgbé.

Nílé Jímọ̀, ẹni tó jìnnà ni wọ́n ń kọ ìwé sí. Tàbí ẹni tí wọ́n bá ń bá ṣe ẹjọ́. Àgbà tó wà nítòsí, tó sì ju èèyàn lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ̀ ọ́ lọ. Ta ni yóò jókòó sílé rẹ̀, tí yóò fi tákàdá ránṣẹ́ sí ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju ìdúró kẹ̀kẹ́ mẹ́ta lọ? Agbéraga ni. Ọmọ tí kò rí àgbà bá gbé ni.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ Àìkú, Jímọ̀ fọ òróró ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́, ó wọ jalàbíà funfun, ó dé fìlà, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Alhaji Àkànbí, pírínsípà, jókòó níwájú ilé, ó ń gbatẹ́gùn.

"Alhaji, ẹ kú ìsinmi. Ọmọ yín ló fẹ́ lọ rìn n'Íbàdàn. Mo ní mi ò lè jẹ́ kó lọ láìfi tó yín létí."

"Rìn? Ọkọ̀ tán l'Ọ́fà ni?"

Ìyàwó Alhaji bú sẹ́rìn-ín nínú ilé.

"Ìrìn ìje ni, Alhaji."

"Mo mọ̀. Mò ń bá ọ ṣeré ni. Jímọ̀, o ṣé tí o fúnra rẹ wá. Àwọn òbí ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Bàrákàt, wá síbí."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà náà gùn. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún un. Kó má fẹsẹ̀ kọ. Kó lọ ire, kó bọ̀ ire, kó má rí àbámọ̀. Wọ́n ń ṣe àmín, àmín, títí ẹyẹ lékèélékèé fi kọjá lókè ilé lọ sí ibùsùn wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú. Ó tán. Àṣẹ ti wà.

Ní ọjọ́ Ajé, Adétóyè bá Jímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Baba Bàrákàt, ṣé ẹ rí àṣẹ yẹn gbà?"

"A gbà á, tísà. A gbà á dáadáa."

Adétóyè rò pé ìwé náà wà ní ọ́fíìsì. Pírínsípà rò pé tísà yóò ṣe ti ìwé. Jímọ̀ kò rò nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìbàdàn. Bàrákàt kò lè sọ ohun tó rí níbẹ̀ tán. Ọ̀nà ọ̀dà tí wọ́n dí mọ́ ọkọ̀. Òwúrọ̀ tó tutù. Ogún obìnrin, àwọn kan ti bímọ, iṣan ẹsẹ̀ wọn bí okùn tí wọ́n lọ́. Kò sí ẹni tó pè é ní pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìró ẹsẹ̀ gbogbo wọn dà bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè, òun náà sì wà nínú òjò ọ̀hún. Obìnrin kan tó kọjá lára rẹ̀ sọ pé, "Èjìká, àbúrò. Sọ ọ́ kalẹ̀." Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Káàdì pupa kan, ti orúnkún. Ipò kẹfà. Wọ́n fún un ní omi àti ọsàn, ẹnì kan sì yà á ní fọ́tò.

Fọ́tò náà ló kó bá a. Ó wọ inú fóònù, ó ti fóònù dé fóònù. Tísà ilé ìwé kan tó ní ikọ̀ tirẹ̀ rí i, ó sì béèrè lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje pé ìwé àṣẹ ọmọ yìí ńkọ́.

Ọ́fíìsì kan l'Ọ́fà níbí ni ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Fáànù ń yí díẹ̀díẹ̀. Alhaja Safiyat ni alága, obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tísà, tí ojú rẹ̀ kò le, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì rọ̀.

"Níbo ni ìwé wà?"

Jímọ̀ dìde. "Alhaja, èmi fúnra mi ni mo lọ. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi lọ."

"Mo gbọ́, Baba. Ìwé ni mo béèrè."

"Wọn ò jìnnà sí mi, Alhaja. Kí ni mo fẹ́ kọ ìwé sí wọn fún? A ò jà."

Àwọn ará ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí pírínsípà.

"Alhaji Àkànbí, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wá bá yín?"

"Wọ́n wá."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ṣàdúrà fún un."

"Ṣé nínú àdúrà náà, ẹ sọ pé ẹ yọ̀ǹda rẹ̀?"

Alhaji Àkànbí ro ó. "Mo ní kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún un. Ẹni tí kò yọ̀ǹda kò ní ṣe irú àdúrà yẹn."

"Àmín. Ọlọ́run gbọ́. Nínú fáìlì tiwa, kò sí nǹkan kan." Ó wo aago. "Ẹ jẹ́ ká lọ kírun. Tá a bá dé, ẹni tó bá ní ìwé, kó mú un wá."

Níta, Sódìq, akọ̀wé ìgbìmọ̀, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Ìwé a máa sọnù sínú dúrọ́ọ̀. Wọn a sì máa rí i. Tí déètì rẹ̀ bá ti ṣáájú Ìbàdàn, kò sí ẹni tó máa bi í pé níbo ló sùn." Ó lọ.

Lẹ́yìn náà Alhaji Àkànbí ṣí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú tákàdá tó ní orúkọ ilé ìwé lórí jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́, ó sì fi ọjọ́ Àìkú tí wọ́n wá bá a nílé sí i.

"Irọ́ kọ́," ni ó wí, bí ẹni pé ẹnì kan bi í. "Ọjọ́ yẹn ni mo fún un láṣẹ. Ìwé ló pẹ́." Ó na bírò sí Bàrákàt. "Ìwọ tí a fún láṣẹ náà, bu ọwọ́ lù ú nísàlẹ̀, kí o kọ ọjọ́ sí i."

"Ọjọ́ tí a lọ yẹn náà ni, Bàrá," ni Jímọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fatimah àti Tóyọ̀sí dúró lábẹ́ igi lójú ọ̀nà. Tóyọ̀sí ti na ọrùn bí àgùnfọn.

Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn lórí tákàdá náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀rọ̀ fi ń léfòó.

Ó mọ ohun kan tí kò sọ fún Adétóyè rí. Nígbà míì, tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí ìje bá ti ń parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ojú adájọ́ tó lè mú un. Ó sì dùn. Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn ń fò lójú àlá, tí ilẹ̀ kò ní iṣẹ́ mọ́. Wọn kò tìtorí ìyẹn fún un ní káàdì rí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ̀. Ní gbogbo alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ a máa sọ fún un.

Ó bu ọwọ́ lu ìwé náà. Ọjọ́ òní ni ó kọ sí i.

Tóyọ̀sí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàrá! Kí lo kọ yẹn? Bàrá!"

Bàrákàt na bírò padà. Alhaji Àkànbí wo tákàdá náà, ọjọ́ méjì lórí ìwé kan. Ó wò ó pẹ́. Ó gba bírò, ó fa ìlà kan sórí èyí tí òun kọ, ó sì kọ ti òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, Alhaji," ni Jímọ̀ wí. "Mo rò pé tí mo bá kọ ìwé, ẹ máa ní mo gbéra ga."

"Màá sọ bẹ́ẹ̀," ni Alhaji wí. "Lóòótọ́, màá sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Alhaja Safiyat ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ awò ojú.

"Ìwé òní nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bàrákàt wí.

"O mọ ohun tó máa fà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Alhaja wo Sódìq. Sódìq ń wo fáànù. "Ẹ̀ka kẹsàn-án dúró," ni Alhaja wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. "O kò ní rìn fún ilé ìwé rẹ lọ́dún yìí. Èmi á tọ́jú ìwé yìí. Láti òní lọ, ibi tí wọ́n bá tún pè ọ́ sí níta, o ti ní àṣẹ."

Kò sí ikọ̀ mọ́. Adétóyè tún orúkọ kọ: Fatimah, kó rìn ní tirẹ̀. Tóyọ̀sí, kó rìn ní tirẹ̀.

Tóyọ̀sí sọ gbólóhùn kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ilé. "Òótọ́ tìrẹ, ẹsẹ̀ tiwa lo fi san án." Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Tóyọ̀sí tí kì í dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ṣì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìdájí, ṣùgbọ́n Tóyọ̀sí a ti lọ níwájú nínú ọyẹ́, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ bí òjìji. Fatimah a máa rìn láàárín àwọn méjèèjì, bí ẹni tó di okùn mú lápá méjì.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìlọrin. Adétóyè ní kí Bàrákàt tẹ̀ lé wọn, kí ó bá wọn tọ́jú aṣọ. Ó dúró lẹ́yìn okùn níbi tí ọ̀nà ti yí, pẹ̀lú bàtà àwọn méjèèjì lápá. Ooru oòrùn ń mì rìrì lórí ọ̀dà. Àwọn ọmọ náà ń yọ láti inú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ dà bí èéfín, lẹ́yìn náà wọ́n ní ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní ojú.

Fatimah kọjá. Ipò kẹrin. Ó fi orí kí i.

Tóyọ̀sí ní káàdì pupa méjì lọ́rùn. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù kí wọ́n lé e. Ìyípo ìkẹyìn nìyí. Bàrákàt rí i kó tó dé ìtòsí: orúnkún òsì ti ń rọ̀. Díẹ̀ ni. Adájọ́ obìnrin tó dúró lódìkejì kò tíì rí i. Ó ti ń tẹ̀ síwájú láti wò ó.

Bàtà já bọ́ lọ́wọ́ Bàrákàt.

"Orúnkún! Tóyọ̀sí, orúnkún òsì!"

Àwọn èèyàn yíjú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà nàka sí i. "Ta ló ń pariwo yẹn? Ìwọ ò sí nínú ìje yìí!"

"Mo mọ̀, mà."

Tóyọ̀sí kò wo ẹ̀gbẹ́. Òógùn bo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mo gbọ́!" ni ó pariwo. "Mo gbọ́ ẹ, Bàrá! Jẹ́ n rìn!"

Ẹsẹ̀ òsì náà nà. Ó balẹ̀, ó dúró gbọọrọ, ara kọjá lórí rẹ̀. Adájọ́ tẹ̀ ba, ó wò ó, ó sì fi káàdì padà sápò. Tóyọ̀sí ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀nà, títí òun náà fi di èéfín.